Àmì Ohùn, Ọ̀pá Ìtìlẹ̀ Ẹni Tí Kò Ríran

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwa tí ojú wa ń ṣiṣẹ́: bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, a ó ṣí i, a ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa, ní ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké àti ní yunifásítì, tí ó jẹ́ pé orí ìka wọn àti inú etí wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn náà ń kàwé, wọ́n ń ṣe ìdánwò, wọ́n sì ń gba oyè. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni irú ohun èlò tí wọ́n fi ń kàwé, bí ohun èlò náà ti ń ṣiṣẹ́, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi máa ń kọsẹ̀ nígbà tí ó bá kan èdè Yorùbá. Kí òǹkàwé sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀bi ìkọsẹ̀ yìí kò sí lọ́rùn ẹ̀rọ nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́rùn àwa tí a ń kọ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1809 ni a bí Louis Braille ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Coupvray, ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀. Gàárì àti ìjánu ẹṣin ni ó ń ṣe. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́ta, ó mú irin ẹnu ṣóńṣó kan tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ, ó fi ń ṣeré, irin náà sì gún un lójú. Ojú náà kẹ̀, ó ran èkejì, ọmọ náà kò sì ríran mọ́. Ní ọdún 1819 a mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Paris, èyí tí Valentin Haüy dá sílẹ̀ ní ọdún 1785. Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà tí àwọn tí ó ríran ń kà ni a tẹ̀ kí ó lè wú sókè lórí bébà. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tóbi, ó ṣòro fún ìka láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, afọ́jú kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ní àkókò náà, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, Charles Barbier, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti máa fi kókó kéékèèké tí ó wú lórí bébà kọ ìró ọ̀rọ̀. Kókó tí ó lè wà nínú ilé kan pọ̀ tó 12. Braille, tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà, yẹ ọ̀nà yìí wò, ó sì rí àbùkù méjì nínú rẹ̀. Èkíní ni pé kókó 12 pọ̀ ju ohun tí orí ìka kan lè mọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Èkejì ni pé ìró nìkan ni Barbier ń kọ, kò náání bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Braille dín kókó kù sí 6, ó sì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ti rí ọ̀nà náà. Ní ọdún 1829 ó tẹ ẹ́ jáde ní ìwé. Ó kú ní ọdún 1852, kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó gba ọ̀nà náà wọlé ní ọdún 1854. Irin ẹnu ṣóńṣó ni ó fọ́ ọ lójú. Irin ẹnu ṣóńṣó bákan náà ni àwọn afọ́jú gbogbo ayé wá ń fi kọ̀wé.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a ronú kan odù Ifá. Ẹsẹ̀ méjì ni odù kọ̀ọ̀kan ní, ipò mẹ́rin sì wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan tàbí ìlà méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sí ipò kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ipò 8 ni gbogbo rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì, iye odù di 256. Bí ilé Braille ti rí náà nìyẹn: òpó méjì, ipò mẹ́ta lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ipò kọ̀ọ̀kan lè ní kókó, ó sì lè ṣófo. Ipò 6 ni, nítorí náà oríṣi ilé tí a lè kọ́ jẹ́ 64. Bí a bá yọ èyí tí ó ṣófo pátápátá kúrò, ó ku 63. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a fi ipò méjì kún ti Braille láti lè kọ gbogbo àmì inú rẹ̀. Ipò wá di 8, iye ilé sì di 256, gẹ́gẹ́ bí iye odù. Kì í ṣe pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìṣirò kan náà ni ó gbé méjèèjì ró.

Ilé 63 tó fún èdè Yorùbá. Nínú ètò Braille tí a ń lò fún èdè wa, ẹ, ọ àti ṣ kò bá e, o àti s gbé inú ilé kan náà. Oníkálukú ní tirẹ̀. Àmì ohùn pẹ̀lú ní ilé tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ìka kàwé lè bá àmì ohùn pàdé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bá lẹ́tà pàdé, bí ẹni tí ó kọ ìwé náà bá ti kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, ní Èkó, ti wà láti ọdún 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti wà láti ọdún 1977. Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ìwé Braille nípọn. Ìwé kan tí a lè kì bọ àpò lè di ìdì ńlá mélòó kan bí a bá kọ ọ́ ní Braille, nítorí pé bébà rẹ̀ nípọn, ilé lẹ́tà rẹ̀ kò sì ṣeé sọ di kékeré ju orí ìka lọ. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ kò sì pọ̀. Èyí ni ó mú kí a wá ọ̀nà tí ìwé yóò gbà máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, Ray Kurzweil ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan han aráyé tí ń wo ojú ìwé, tí ń dá lẹ́tà mọ̀, tí ó sì ń fi ohùn ka ohun tí ó rí. Ẹ̀rọ náà tóbi, owó rẹ̀ sì ga. Stevie Wonder, olórin tí kò ríran, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á. Ní ọdún 1989, Ted Henter, tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti fọ́ lójú, gbé ètò kan jáde tí ń jẹ́ JAWS, tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Australia tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ tí a ń pè ní NVDA, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Láti ọdún 2009 ni irú rẹ̀ ti ń wà nínú àwọn fóònù tí a ń fọwọ́ kàn lójú. Gbogbo irú ètò wọ̀nyí ni èmi yóò máa pè ní ẹ̀rọ akàwé.

Bí ẹ̀rọ akàwé ti ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà bí àwa ti ń rí i. Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà jẹ́ lójú rẹ̀, gbogbo ayé sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà wọ̀nyí nínú ètò kan tí ń jẹ́ Unicode: e jẹ́ 101, ẹ jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885, ṣ jẹ́ 7779. Àmì ohùn òkè tí a ń gbé lé orí lẹ́tà jẹ́ 769, ti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ 768. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ó kọ́kọ́ ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí láti mọ lẹ́tà. Lẹ́yìn èyí, ó ń sọ lẹ́tà di ìró. Ní ìkẹyìn, ó ń fún ìró náà ní ohùn, ó ń gbé e sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì ń gbé e jáde sí etí olùgbọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbígbé ohùn sókè tàbí sísọ ọ́ sílẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Nínú èdè tiwa, òun gan-an ni ó ń sọ igba di igbá, tí ó ń sọ igbá di ìgbà, tí ó sì ń sọ ìgbà di igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ.

Kò sí ẹni tí ó mọ èyí dáadáa bí onílù. Bí onídùndún bá ń kì ènìyàn, kò sí b, kò sí k, kò sí a, kò sí ọ nínú ohun tí ó ń lù. Ohùn nìkan ni ó ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó ní etí ìlù a mọ orúkọ ẹni tí ó ń pè, a sì dáhùn. Onílù mọ̀ pé ohùn nìkan lè rú ni lójú, nítorí náà kì í sábàá pe orúkọ kan ṣoṣo kí ó dákẹ́. Oríkì gígùn ni ó ń fi tì í lẹ́yìn, kí olùgbọ́ má baà ṣìnà. Nísinsìnyí, ẹ wo ẹ̀rọ akàwé tí a gbé ìwé Yorùbá tí kò ní àmì síwájú rẹ̀. Ọ̀dìkejì onílù ni ó jẹ́. Ó ní gbogbo lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò ní ohùn kankan. Ìlù tí kò ní lẹ́tà ń sọ̀rọ̀ yéni. Ẹ̀rọ tí ó ní lẹ́tà tán ń sọ̀rọ̀, kò yéni.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ọmọ Yorùbá ni mí, bí ẹ kò bá fi àmì sí i, èmi yóò kà á, yóò sì yé mi. Èéṣe tí ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè yìí tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú àkọtọ́ wa fúnra rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ tí ó ti fi dò, re, mí kọ́ ọmọdé mọ̀ pé ohùn òkè ní àmì, ohùn ìsàlẹ̀ ní àmì, ṣùgbọ́n ohùn àárín kò ní àmì. Ìtumọ̀ èyí ni pé fáwẹ̀lì tí a kò fi àmì sí lórí kò dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń wí pé, “Re ni èmi.” Nígbà tí a bá kọ gbogbo ojú ìwé láìfi àmì sí i, a kò sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ronú wá ohùn tí ó yẹ, a sọ fún un pé re, re, re ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá sì kà á bẹ́ẹ̀, ohun tí a kọ ni ó kà. Ẹ̀rọ kò purọ́. Àwa ni a purọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran, tí ó jókòó sí gbọ̀ngán ìdánwò, tí ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí. Olùkọ́ ti fi kọ̀ǹpútà tẹ àyọkà kan, kíákíá, láìsí àmì lórí àti láìsí àmì lábẹ́: “Baba ra oko, inu gbogbo ile si dun.” Ìbéèrè kìíní ni: kí ni bàbá rà? Olùkọ́ ní ọkọ̀ lọ́kàn. Ẹ̀rọ ka oko, ohùn àárín méjì, ó sì dán mọ́rán; oko tí a ń ro ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Ènìyàn a máa ra oko, inú ilé a sì máa dùn sí i. Kò sí ohun tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ fura. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ríran kò rí àmì náà bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí lójú ìwé lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ yóò dúró díẹ̀, bí ó bá sì kà níwájú pé bàbá wà á lọ sí Ìbàdàn, ojú rẹ̀ yóò padà sẹ́yìn wéré láti tún un ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyí. Ojú lè gba iyèméjì. Ohùn kò lè ṣe iyèméjì. Ohun tí a fi sílẹ̀ láìparí fún ojú, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ fún etí, bí ó bá sì parí rẹ̀ ní òdì, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà, èyí tí àwọn tí ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ pàápàá ń bá pàdé. Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó sì fún é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ńṣe ni a ó tò ó pọ̀. Ẹnì kan lè fi 7865 àti 769 tò ó. Ẹlòmíràn lè lo 101, kí ó fi 803 tí í ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà kún un, kí ó tó fi 769 lé e. Ẹ̀kẹta, tí ó fẹ́ràn ìlà kékeré lóòró lábẹ́ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé àtijọ́ kan, lè lo 809 dípò 803. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òfin Unicode sọ pé kí kọ̀ǹpútà ka ti ìkíní àti ti ìkejì sí ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ti ìkẹta jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní èyí lè fo lẹ́tà náà, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àmì náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé gígùn kò sì ní í rí i, bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí ó tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí òǹkọ̀wé tẹ̀.

Àwọn àṣà mẹ́ta mìíràn burú ju èyí lọ. Àkọ́kọ́ ni kí a kọ e lásán, kí a wá fà ìlà sí i nídìí gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa ìlà sí ìdí àkọlé. Ẹ̀rọ kì í ka ìlà náà sí lẹ́tà, e ni yóò kà. Ìkejì ni lẹ́tà àtijọ́ tí àwọn kan ṣe kí Unicode tó gbilẹ̀, tí wọ́n ya ẹ tàbí ọ sí ipò àmì mìíràn. Ó rẹwà lórí bébà, ṣùgbọ́n àmì àjèjì ni ẹ̀rọ ń bá níbẹ̀. Ìkẹta ni kí a ya fọ́tò ojú ìwé, kí a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fọ́tò kò ní lẹ́tà nínú rárá. Bí a bá fi í síwájú ẹ̀rọ akàwé, ó lè dákẹ́ pátápátá. Bí ó bá sì gbìyànjú láti dá lẹ́tà inú rẹ̀ mọ̀, àmì orí àti àmì abẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Mo ti mẹ́nu kan àmì abẹ́ lẹ́tà, ó sì yẹ kí a rántí ibi tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ni ó fi ìbí Samuel Àjàyí Crowther sí nǹkan bí ọdún 1809, ọdún kan náà tí a bí Louis Braille. Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi àmì kékeré sí abẹ́ e, o àti s kí ìró mẹ́ta tí kò sí nínú lẹ́tà Róòmù lè rí ibùgbé. Ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 sì fi ìdí ètò náà múlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1966, ìjọba sì fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ọdún 1974. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ṣiṣẹ́ kí ohun tí a kọ lè bá ohun tí a sọ dọ́gba. Ohun tí ojú ń pè ní ohun ọ̀ṣọ́ nínú iṣẹ́ wọn ni ẹ̀rọ akàwé wá ń pè ní ohun tí òun kò lè ṣaláìní.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Alt-I ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ti gbọ́ Yorùbá àti bí a ó ti fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ yóò ti sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún bá àwọn òṣìṣẹ́ Google ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àkójọ ohùn àwọn tí ń sọ Yorùbá, èyí tí a gbé jáde fún ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 2020. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Meta gbé ètò ọ̀rọ̀ sísọ jáde fún èdè tí ó ju 1,100 lọ, Yorùbá sì wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì: ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń fi wé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó ti kà rí.

Iṣẹ́ yìí dára, mo sì gbóríyìn fún àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé yóò gbà wá lọ́wọ́ ojúṣe wa. Kọ̀ǹpútà tí ń fi àmì síṣẹ́ ń méfò ni. Bí a bá tún gbé “Baba ra oko” síwájú rẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí ó lè fi mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀, nítorí pé bàbá lè ra èyíkéyìí. Orúkọ ènìyàn, oríkì, òwe, ewì àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni yóò sì ti ṣìnà jùlọ, nítorí pé ohun tí kì í sábàá wáyé nínú ìwé ojoojúmọ́ ni wọ́n. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni a ń kọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti ara ìwé tí ènìyàn ti fi àmì sí dáadáa ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ bí a ti ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Òfin pẹ̀lú ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013 fi àyè sílẹ̀ kí a lè sọ ìwé di èyí tí aláìríran lè kà láìjẹ́ pé a tún tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Nàìjíríà fi ọwọ́ sí àdéhùn náà ní kíkún ní ọdún 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ìyà jẹ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé. Kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ni yóò ṣe ìyẹn.

Kí ni kí a ṣe? Kí olùkọ́ tí ó ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ó rò pé ó lè rú ni lójú nìkan; nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ èyí tí ó rú ni lójú yàtọ̀ sí èyí tí kò rú. Kí a lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní, èyí tí ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ gidi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè yan ọ̀nà kan fún àmì abẹ́ lẹ́tà, kí ó sì dúró lórí rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní dé òpin. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní ìwé tí a tẹ̀, kí a má ṣe fún un ní fọ́tò rẹ̀. Bí àwòrán bá sì wà nínú rẹ̀, kí a fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tí ó wà nínú àwòrán náà. Kí olóòtú ìwé ìròyìn àti ti ìwé ọdọọdún bí irú èyí dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó gbé e jáde: kí ó di ojú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á, kí ó sì gbọ́ bóyá Yorùbá ni òun ń gbọ́.

Ó lè dàbí ẹni pé iṣẹ́ yìí pọ̀. Ọwọ́ tí kò mọ́ ọn lára yóò kọ́kọ́ falẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí aláìríran bá ń rìn lójú ọ̀nà, kò bẹ̀ wá pé kí a gbé òun pọ̀n. Ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò ni pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà náà kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìdí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ni kòtò náà. Ẹ jẹ́ kí a dí i.